Ẹ Má Tíì Wó Sítọ́ọ̀ Kòkó Bàbá Wa

Láàárọ̀ àná ni àbúrò bàbá mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Katapílà ló dúró níwájú sítọ́ọ̀ kòkó bàbá àgbà wa ní Ilé-Olújì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó wó o, lágbára Ọlọ́run." Gbogbo ẹbí ń dá wọn lóhùn pé "Àmín." Àmín náà ò lè jáde lẹ́nu mi. Inú mi ò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílùú kòkó, ẹ mọ irú ilé tí mò ń sọ. Ògiri amọ̀ tó ki, ilẹ̀kùn onígi alápá méjì tí lọ́rì lè fẹ̀yìn wọ̀, fèrèsé kéékèèké sókè pátápátá kí atẹ́gùn ráyè wọlé, kí olè má ráyè. Pèpéle sìmẹ́ńtì gbàràmù níwájú fún sísá kòkó. Látìgbà tí bàbá àgbà ti kú ni wọ́n ti tì í pa, ewúrẹ́ ló ń sùn sórí pèpéle.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú akítẹ́ẹ̀tì kan lọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé ìwé. Mo rò pé ìwé ni yóò kọ́kọ́ yọ. Rárá o. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kan ògiri, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún láti igun kan dé ìkejì. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀bẹ họ sìmẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ sára ògiri lápá ẹ̀yìn, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Amọ̀ inú rẹ̀ tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Ó ní, "Sìmẹ́ńtì yìí ló ń pa á. Amọ̀ máa ń mumi, ó sì máa ń gbẹ padà. Ẹ ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde." Ogójì ọdún la ti ń sọ pé ilé náà ti gbó, àṣé àwa la fi sìmẹ́ńtì dí i lẹ́mìí!

Ohun tó yà sínú àwòrán kò pọ̀. Kí a ha sìmẹ́ńtì kúrò, kí a fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà. Kí a pààrọ̀ páànù, kí ẹnu òrùlé yọ síta sí i kí òjò má máa na ògiri. Kí inú sítọ́ọ̀ di gbọ̀ngàn tí èèyàn lè háyà fún ìnáwó, kí wọ́n máa jókòó jẹun lórí pèpéle. Ìkọ́ òṣùwọ̀n bàbá àgbà ṣì so rọ̀ lára igi àjà. Ó ní ká má yọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé àwòrán náà síwájú ẹbí, wọ́n ní ilé amọ̀ ni, ilé òtòṣì, pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló máa pawó. Ẹ dákun. Ilé Kòkó n'Íbàdàn jóná ní 1985, a tún un ṣe, a ò wó o. Inú irú sítọ́ọ̀ báyìí ni kòkó tó kọ́ ọ gbà kọjá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò tiwọn. Lékòó, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn òyìnbó kọ́ sí Broad Street ni akítẹ́ẹ̀tì Theo Lawson sọ di Freedom Park tí wọ́n ṣí ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n ti ń ṣeré báyìí. Ilójo Bar, ilé àtijọ́ tó wà ní Tinúbú, ńkọ́? Láti 1855 ló ti wà, ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ katapílà ló bá a lálejò lọ́jọ́ Àìkú kan ní 2016. Kí ló kù níbẹ̀ táa lè fi han ọmọ?

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí ẹbí lánàá. Lálẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí. Àwọn nìkan ló kù nínú àwọn tó bá bàbá àgbà ṣiṣẹ́ nínú sítọ́ọ̀ yẹn, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà.

Wọ́n ní, "Ìwọ ò ru àpò kòkó rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí mo ti ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Eruku rẹ̀ ṣì wà láyà mi. Ilé tó rẹwà ni lójú tìẹ. Tí wọ́n bá wó o, mi ò ní sunkún."

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi akítẹ́ẹ̀tì, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá bi mí bóyá a tilẹ̀ bi màmá yẹn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ibẹ̀ dà kó tó di pé ó yàwòrán. A ò bi wọ́n.

Mo ṣì fẹ́ kí sítọ́ọ̀ náà dúró. Mo ti bẹ àbúrò bàbá mi tó fi fọ́tò ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò tíì dáhùn. Ilé-Olújì ni mò ń lọ ní kùtù ọ̀la. Ilé màmá yẹn ni mo máa kọ́kọ́ yà, kí n tó dé sítọ́ọ̀.