Àga A.I. kò mọ ohun tó wà nínú yín
Ẹ má gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri gbọ́, pé kọ̀ǹpútà ló dá ṣe àga A.I. (ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá) ti Kartell, ilé-iṣẹ́ àga ní Ítálì, àti pé àga náà ń mọ̀ bí inú ẹni bá bàjẹ́. Philippe Starck, ará Faransé tó ń ya àwòrán àga, ló sọ ohun tó fẹ́ fún ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Autodesk: kí àga tuni lára, kó lágbára, kó má jẹ ohun èlò púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ń mú àwòrán wá, èèyàn ń ṣà á, títí wọ́n fi gbé e jáde ní Milan lọ́dún 2019. Ike àtúnlò lásán ni. (Bóyá ó tuni lára, ìdí yín ni yóò sọ.) Àga tó tilẹ̀ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, iye ìlù nìkan ló rí: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn àti ẹni tí inú ń bí lè jọra lójú rẹ̀.