Owó ta ni kọ̀ǹpútà ń kà?

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kóòdù, àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ kóòdù rí kó má sá lọ, torí ọ̀rọ̀ agboolé ló wà nídìí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wá bá mi nílé ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Owó ọmọ ni mo ní kó kà, owó bàbá ló ń kà."

Java, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ló fi kọ ọ́. Ó ṣe kíláàsì kan, ìyẹn àwòṣe tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣẹ̀dá nǹkan, ó pè é ní Apo, ó sì kọ private sára owo tó wà nínú rẹ̀, kí ará ìta má lè fọwọ́ kàn án. Inú Apo yìí kan náà ló kọ kíláàsì kejì sí, ApoOmo, ó sì kọ extends Apo sí i lára, ìyẹn ni pé ọmọ tó ń jogún Apo ni. Ó fi 5000 sínú ti òde, ó fi 2000 sínú ti inú. Nígbà tó ní kí ApoOmo ka owo, 5000 ló jáde. Java ò sọ pé àṣìṣe kankan wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wá ibi tó ti ṣì í kọ.

Ó dùn mí, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ajá àti ẹranko ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìjogún: ajá jẹ́ ẹranko, ológbò jẹ́ ẹranko, ó tán. Nígbà tó yá wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì inú kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tàkọ́kọ́. Òun wá gbà pé ohun tó bá ti wà nínú nǹkan, ọmọ rẹ̀ ni.

Mo bi í pé, "Nínú agboolé yín, ṣé gbogbo ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni ọmọ bíbí ibẹ̀?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Àwọn àyálégbé wà ńbẹ̀."

Mo wá sọ ti ilé wa fún un. Bàbá mi àgbà ní ọmọkùnrin kan tó lọ ṣòwò ní Jos, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Ó máa ń pẹ́ kó tó wálé, ṣùgbọ́n ọmọ ni. Orúkọ bàbá ló ń jẹ́, ogún sì kàn án. Àmọ́ kò mọ ohun tó wà nínú àpótí bàbá. Ahunṣọ kan náà wà, àlejò ni, yàrá kan lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá fún un. Nígbà tí bàbá kú, kò jogún abẹ́rẹ́. Síbẹ̀ òun ni bàbá máa ń rán lọ síbi àpótí yẹn nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ ló mọ̀.

Ará Jos yẹn ni ìjogún. Kíláàsì tó bá kọ extends á gba ìṣe òbí rẹ̀, ó sì lè tún ìṣe náà ṣe lọ́nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òbí bá kọ private sí kò sí nínú ogún. Ó wà nínú ara ọmọ o, ọmọ kàn lè má lẹ́nu láti pè é lórúkọ ni. Ahunṣọ ni kíláàsì inú kíláàsì. Kò jogún nǹkan kan, ṣùgbọ́n private onílé ò pamọ́ fún un, ti òun náà ò sì pamọ́ fún onílé. Bí kò bá sí static lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé kò nílò onílé kan pàtó, ó gbọ́dọ̀ ní onílé kan pàtó tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ọmọkùnrin yìí ṣe ni pé ó mú ọmọ bíbí, ó tún sọ ọ́ di ahunṣọ nílé ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí Java rí owo, ó kọ́kọ́ wo ogún: ṣé ApoOmo jogún ohun tó ń jẹ́ owo? Rárá, private ni. Ó wá bọ́ síta lọ bá onílé: ṣé owo wà níbí? Ó wà, 5000 ni. Ó kà á. Owó tirẹ̀, 2000, wà nínú ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é.

Mo ní kó kọ super.owo, ìyẹn owo tó ti ọ̀dọ̀ òbí wá sínú ara rẹ̀. 2000 jáde. Mo ní kó yọ super, kó sọ private di protected, èyí tí ọmọ lè jogún. 2000 tún jáde, torí owo ti bọ́ sínú ogún, Java a sì máa wo ogún kó tó wo ilé.

Láti 1967 ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti gbé kíláàsì àti ìjogún jáde nínú Simula, ní Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway. Java náà ní ìjogún nígbà tó jáde ní 1995. Ọdún 1997, nínú Java 1.1, ni kíláàsì inú kíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bí wọn ò ṣe jọ wọlé nìyẹn, kí ló dé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa bíi pé ìbejì ni wọ́n? Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ajá sílẹ̀. Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ onílé àti ẹni tí wọ́n gbà sílé. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi ò sì ní kọ méjèèjì papọ̀ lára kíláàsì kan àyàfi tí mo bá ní ìdí gidi.

Kó tó lọ, ó dá private padà, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá fi static sí ApoOmo. Ó tún ibi tó ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ ẹ́. Java kọ̀ jálẹ̀: non-static variable owo cannot be referenced from a static context. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Bọ̀dá, kò ní onílé kan pàtó mọ́. Kò mọ owó ta ni kó kà."

Kí n tó dáhùn, ó ti ń tẹ super síwájú owo.