Ilẹ̀ náà kò ṣófo

Olóòtú, ìròyìn yín ní àwọn aláwọ̀ funfun lọ tẹ ilẹ̀ òfìfo dó ní Amẹ́ríkà. Ó dùn mí gan-an. Ilẹ̀ wo ló ṣófo? Àwọn Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ní ilé, oko, àní ìwé ìròyìn ní èdè tiwọn, ní ìpínlẹ̀ Georgia kí àwọn awagóòlù tó ya bo ibẹ̀.

Ní 1830, Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi lé wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 1832 pé òfin Georgia kò múlẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn. Ta ló gbọ́? Ní 1838, sójà fi ìbọn lé wọn jáde, wọ́n há wọn mọ́ àgọ́, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọdé. Nínú òtútù ni ọ̀pọ̀ wọn rìn dé ibi tó di Oklahoma lónìí. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 4,000 ló kú.

Ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ àwọn ènìyàn dúdú. Àwọn Cherokee olówó kan ní ẹrú, wọ́n sì kó wọn dání. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n o! Àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ líle lójú ọ̀nà, wọ́n sì kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Àdéhùn 1866 sọ wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè Cherokee, síbẹ̀ àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń jà fún un ní kóòtù títí di 2017.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n kún ìròyìn yín.