Ta ló máa ṣe Látóòsà?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Ìlẹ́ṣà níbí mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ogun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ogun Àgbáyé Kejì ni tiwa, bó ṣe rí gan-an la sì ń ṣe é. Ìbọn Kar98k tí àwọn ṣọ́jà Jámánì gbé nígbà náà, ọta márùn-ún péré ló ń gbà. Bó o bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wàá fa irin rẹ̀ sẹ́yìn, wàá tì í padà, kó o tó yin òmíràn. Bí wọ́n bá sì pa ọ́, o kú nìyẹn títí ìjà náà á fi parí, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú íyàpíìsì, tí wọ́n ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ ẹnì kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ sí mi létí. N ò tètè sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Àwọn èèyàn máa ń bú wa pé a ya dìndìnrìn, pé à ń pe ara wa ní sájẹ́ńtì. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ó kan ẹgbẹ́ wa láti ṣe Jámánì, ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí sì pè mí ní ọmọ Hitler. Èmi tí bàbá bàbá mi lọ sí Bọ́mà!

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn láti ilẹ̀ wa lọ bá Jàpáàn, alájọṣe Hitler, jà. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ní 1944, ọkọ̀ ò ráyè gbà nínú igbó yẹn, orí ni wọ́n fi ń ru ọta àti oúnjẹ. Bàbá àgbà kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ yin báńgà nítòsí wọn lásìkò Kérésì. Torí ohun tí wọ́n gbé wálé tí wọn ò lè sọ yẹn ni mo ṣe wọ ẹgbẹ́ yìí.

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ṣe eré ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà láti 1877 sí 1893. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wa. Tíṣà ní kí n ṣe Látóòsà, Ààrẹ Ìbàdàn. Mo sunkún títí. Ọjọ́ eré pé, mo ṣe é tọkàntọkàn, àwọn àgbà sì ń ná owó mọ́ mi lórí. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀tá ìlú ni mí. Bí n ò bá dúró níbẹ̀, ta ni Ògèdèǹgbé ìbá bá jà?

Lóòótọ́, àwọn tó fẹ́ràn Hitler máa ń yọ́ wọlé. A ti lé irú wọn jáde rí, lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ aṣọ Jámánì kan náà fò sókè sódò nínú géèmù mìíràn, tí wọ́n ń jó lórí òkú, kò sẹ́ni tó ń fura sí wọn. Àwa tá a jókòó ka ìtàn ni wọ́n ń fojú burúkú wò!

Sátidé tó ń bọ̀, Jámánì náà la tún máa ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tá a jẹ́, kó wá bá mi nílé. Íyàpíìsì méjì wà ńlẹ̀.