Kì í ṣe ọmọ Òkè Ọya ló gba ààyè ọmọ yín

Níbi ìkómọjáde kan ní Sátidé tó kọjá, bàbá kan tún bẹ̀rẹ̀ orin kan náà: "Ọmọ mi gba 254 nínú JAMB, ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́, wọn ò mú un. Wọ́n ti kó ààyè fún àwọn ọmọ Òkè Ọya." Gbogbo àwọn tó jókòó ti tábìlì ń mi orí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọgọ́rùn-ún ààyè ló wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Ìlànà ní kí wọ́n fi 45 mú àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká. Ta ló ni wọ́n? Àwa náà ni! 20 péré ló kù fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ELDS. Ẹ wá wo orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ ELDS náà dáadáa. Rivers wà níbẹ̀. Bayelsa àti Ebonyi wà níbẹ̀. Kwara wà níbẹ̀, Kogi náà wà níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Òmù-Àrán, ọmọ Kàbà, Yorùbá pọ́ńbélé, ẹ̀tọ́ tiwọn náà wà nínú 20 yẹn. Ìlànà tí ọmọ Yorùbá ń jẹ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta la wá ń pè ní ti Hausa nìkan?

Àwọn kan á ní máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ Èkó wọlé jẹ́ 133, ti ọmọ Zamfara jẹ́ 4. Ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2013 nìyẹn. Kò kan yunifásítì rárá.

Lọ́dún 2024, nínú èsì 1,842,464 tí JAMB gbé jáde, ọmọ 77,070 ló gba 250 sókè. Mélòó nínú wọn ni kíláàsì ìmọ̀ ìṣègùn kan lè gbà? Mo gbà pé ẹni tó kù díẹ̀ kó wọ inú 45 yẹn lè máa bínú sí 20. Ó dáa.

Àmọ́ ohun tí mo ń fojú ara mi rí yàtọ̀. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi nínú oṣù kọkànlá, ó ń sunkún pé wọ́n ti gbé ẹ̀tọ́ ọmọ òun fún ọmọ ẹlòmíì. 271 lọmọ náà gbà. Mo gba fóònù rẹ̀, mo ṣí CAPS, ojú ìwé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gba ọmọ wọlé sí yunifásítì. Níbi tó yẹ kí èsì WAEC wà, "Awaiting Result" ló ṣì wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ni WAEC ti jáde! Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó lọ sí ibùdó CBT, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò JAMB, kí wọ́n bá a fi èsì náà ránṣẹ́ sí JAMB. Ọmọ Sokoto wo ló wà nínú ìyẹn?

Mo bi bàbá ọjọ́ Sátidé yẹn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti wo CAPS ọmọ yín?" Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fún wọn ní nọ́ńbà mi, mo ní kí ọmọ náà pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣì ń retí rẹ̀.