Irọ́ ni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá kò ní ìrírí iṣẹ́

Lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ bá ti ṣe WAEC tán, lẹ́tà ìwáṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan ń retí èsì, àwọn mìíràn ń retí ìgbà tí yunifásítì máa gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì pé ogún ọdún. Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń bá nínú àwọn lẹ́tà yẹn, ó sì máa ń dùn mí: "Mi ò ní ìrírí iṣẹ́ kankan, àmọ́ mo ṣe tán láti kọ́ṣẹ́."

Ta ló sọ fún ọmọ náà pé kò ní ìrírí? Àwa àgbà ni. Àwa la máa ń wí pé, "Kí ló ti ṣe rí? Ṣebí ọmọ iléèwé ni." A sì máa ń wí i lójú ọmọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣí ìsọ̀ láti ìgbà tó wà ní JSS 2.

Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí àjọ̀dún Ojúde Ọba ìlú wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wa ṣáájú Iléyá, torí regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, tó bá máa jáde á fẹ́ báńnà, á fẹ́ káàdì, á fẹ́ ife àti àpò tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀. Mo ń wá ọwọ́ kún ọwọ́ lóòótọ́. Lẹ́tà ọmọ yìí kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ìlà kẹta sì ni "mi ò ní ìrírí." Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe tó bá ti iléèwé dé. Ó ní òun kàn máa ń ran ìyá àgbà òun lọ́wọ́ nídìí gààrí ni.

Ọ̀rọ̀ "kàn" yẹn ni mi ò jẹ́ kó lọ.

Ẹni tó bá mọ gààrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ àfọwọ́rọ́ṣe. Tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ kó kúnná, kí wọ́n tó yan án. Tí ọjọ́ bá dín, kò ní kan bó ṣe yẹ, oníbàárà á sì mọ̀ tó bá ti bu omi tútù sí i. Ọmọ yìí ló ń ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gba ìpè àwọn oníbàárà láti Èkó. Òun ló ń kọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè sínú ìwé, torí ìyá àgbà kò mọ̀wé kọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é. Ọdún mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ò ní ìrírí!

Ohun tí mò ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an nìyẹn. Nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, káàdì tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ ìnáwó ti di ìwé lásán. Ọmọ tó mọ ọjọ́ ṣọ́, tó lè bá oníbàárà tínú ń bí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, tí owó kì í sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, mo lè kọ́ ọ ní ìyókù iṣẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kì í dé lásìkò. Ọjọ́ kejì lọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìmọ̀ yìí kò tiẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, láti 1956 tí Tai Solarin ti dá Mayflower School sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń dáko, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kà. Mi ò rí ẹni tó lè sọ pé ọmọ tó dáko ní iléèwé ò ṣiṣẹ́ rí.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ ọ́. "Mo máa ń ran màmá mi lọ́wọ́" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Kọ ọ́ báyìí: "Láti 2022 ni mo ti ń ṣí ìsọ̀ màmá mi ní ọjà Òkè-Àjé ní gbogbo Sátidé. Mò ń ka ọjà tó bá wọlé, mo sì ń ka owó pẹ̀lú wọn nírọ̀lẹ́." Ọmọ Ṣágámù tó ń jókòó ti POS ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kọ iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀, kó sì sọ ohun tó máa ń ṣe tí owó oníbàárà bá há. Ìwọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé kéwú, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún, ibi, iṣẹ́, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n má purọ́. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan l'Ékòó. Mo bi í bí ìwé A4 ṣe tóbi sí A3, ó sì dákẹ́. Ó dùn mí, torí nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ pé òun ló ń ya káàdì ìkíni fún gbogbo kíláàsì wọn. Òótọ́ tó gbé jù sílẹ̀ ì bá fún un níṣẹ́.

Mo gbà pé àwọn iṣẹ́ kan wà tó fẹ́ ìrírí tòótọ́. Mi ò jẹ́ fi ọmọ tuntun sídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, tàbí ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Òfin yẹn kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ìwé yẹn. Ẹni tó bá sì ní kí ọmọ yín san owó kó tó lè gba iṣẹ́, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ọmọ kulẹ̀ gan-an ni onídùúró. Agbanisíṣẹ́ á gbé fọ́ọ̀mù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n mú èèyàn méjì wá, kì í sì í ṣe bàbá àti ìyá. Ọmọ á rìn títí, kò ní rí ẹni tó máa fọwọ́ sí i, á padà sílé, á sì máa sọ pé àìnírìírí ló fà á. Ẹ̀yin olùkọ́, ìmáàmù, pásítọ̀, ìyálọ́jà, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bani, torí tí ọmọ bá gbówó sá, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú. Ẹ má fọwọ́ sí ti ẹni tí ẹ ò mọ̀. Àmọ́ èyí tí ẹ ti mọ̀ fún ọdún márùn-ún, tó ń gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí lójú yín, tó ń bá yín ka owó ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ onígààrí yẹn ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí, ó ń kàwé. Nígbà tó rí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìtajà kan níbẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi. Mo ka lẹ́tà tó kọ mọ́ ọn kí n tó fọwọ́ sí i. Gààrí ìyá àgbà ló fi bẹ̀rẹ̀.