Àtúnṣe: Wọ́n gbin igbó Tijuca ni

Wọ́n ń pín in kiri pé igbó Tijuca ní Rio de Janeiro, ní Brazil, jẹ́ igbó àtayébáyé tí ọwọ́ èèyàn ò kàn rí. Irọ́ ni. Oko kọfí ti jẹ òkè wọ̀nyẹn run, omi ìlú sì ń gbẹ, kí ìjọba tó gba ilẹ̀ padà. Ní 1861, wọ́n fi Manuel Gomes Archer ṣe alábòójútó iṣẹ́ gbígbin igi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbẹ́ ihò, ta ló ru ọ̀gbìn gun òkè? Àwọn ẹrú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo àti Maria. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ wọn.

Lóòótọ́, igbó àkọ́kọ́ ṣẹ́ kù lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, òmíràn sì hù padà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo igi jáákà, tí èso ràbàtà so mọ́ ìtì rẹ̀: Éṣíà ló ti wá.